Òwú Pupa Lára Wáyà Ọkọ̀ Bàbá Ìbàdàn

Òórùn kẹrosíìnì ló jí mi ní àárọ̀ Sátidé náà. Kì í ṣe ti inú sítóòfù tí a máa ń gbọ́ lójoojúmọ́ nínú ilé wa ní Ajégúnlẹ̀, nígbà tí yàrá mẹ́jọ bá ń dáná lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tutù, ó sì wúwo, ó dà pọ̀ mọ́ òórùn epo dúdú àti ti irin. Nígbà tí mo fi máa jáde sí iwájú ilé, bàbá mi ti ká apá ṣẹ́ẹ̀tì wọn sókè dé ìgúnpá, wọ́n ti ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ Bàbá Ìbàdàn, wọ́n sì ń fi àkísà nu nǹkan kan tí n kò mọ orúkọ rẹ̀, bí ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun.

Ọdún kejì tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún ni. Ọkọ̀ náà ti dàgbà ju àṣẹ yẹn lọ, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ ṣì wà. Ẹni tó bá ń wà á yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà bí èrò ọkọ̀, ẹni tó jókòó tì í ni yóò sì máa yọjú wò ó bóyá ọ̀nà ṣí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni nǹkan kan nípa ọkọ̀ yẹn ti dojú rú lójú mi.

Bàbá Ìbàdàn kọ́ ló bí bàbá mi. Ẹ̀gbọ́n wọn ni, òun ló sì tọ́ wọn dàgbà tí wọ́n fi kàwé dé ibi tí wọ́n kà á dé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Sátidé yìí, Bàbá Ìbàdàn ń rìnrìn-àjò lọ sí Kàdúná nítorí òwò pákó wọn, wọ́n sì wa ọkọ̀ náà wá sọ́dọ̀ wa kí wọ́n tó lọ wọ rélùwéè. Wọ́n dúró níwájú ilé, gbogbo ará ilé ń wò wọ́n, wọ́n na kọ́kọ́rọ́ sí bàbá mi.

"Délé, èmi fẹ́ ra òmíràn. Bí mo bá dé tí mo bá a bí mo ṣe fi í sílẹ̀ yìí, tìrẹ ni, mo fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ṣùgbọ́n má tú u o! Ohunkóhun tó bá ṣe é, gbé e lọ bá mẹ́káníìkì mi ní Mushin."

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n fẹ́ wọ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà mọ ohun tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́ nígbà náà. Mo ti yege ìdánwò àtiwọ iléèwé àwọn ọmọbìnrin kan ní Yábàá, bàbá mi sì ti ṣèlérí pé àwọn fúnra wọn ni yóò wa èmi àti àpótí mi lọ ní oṣù kìíní. Ìyá mi, tó jẹ́ aránṣọ, tí ẹsẹ̀ wọn máa ń wú, ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé àwọn kò ní í ru ẹrù aṣọ lọ sí Ìdúmọ̀tà mọ́. Mo ti yan ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí n óò jókòó sí.

Ṣùgbọ́n òjò ọdún náà pọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, ọkọ̀ náà kì í fẹ́ jí. Ọ̀rẹ́ bàbá mi kan níbi iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọmọrí dúdú tó ń pín iná fún àwọn púlọ́ọ̀gì ló ti là, tí omi ń wọ inú rẹ̀; kò ju kí a yọ ti àtijọ́ kí a fi tuntun sí i. Lẹ́tà Bàbá Ìbàdàn sì ti dé pé ọjọ́ Àìkú ni àwọn ń bọ̀. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà lọ sí Mushin bí ẹni tó ni ín ṣe wí.

"Ọmọrí lásán!" ni bàbá mi wí. "Ìyá Rẹ̀mí, ṣé bí o bá fẹ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀, o máa ń lọ pe mẹ́káníìkì ni?"

"Ọbẹ̀ tèmi kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n ẹnikẹ́ni," ni ìyá mi dá wọn lóhùn, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Akọ̀wé ni bàbá mi ní èbúté Àpápá. Ọ́fíìsì wọn wà létí Warehouse Road, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti ń lo ọjọ́ wọn, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù létí, tí wọ́n ń ka àpò ìrẹsì àti àpò sìmẹ́ǹtì bí wọ́n ṣe ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló ń pè wọ́n ní Akọ̀wé. Nílé pàápàá, kò sí ohun tí wọn kì í kà: iṣu, ìgò, bọ́tìnnì ara aṣọ iléèwé wa. Wọ́n máa ń sọ pé, "Ohun tí a kà lẹ́ẹ̀kan, a ò tíì kà á." Èyí tí wọ́n sì tún máa ń sọ ni pé, "Nọ́ńbà kì í fò. Tó bá fò, olè ti wọ ibẹ̀." Èmi ni àkọ́bí wọn. Mo gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́ bí mo ṣe gba Kátíkísìmù gbọ́.

Wọ́n pè mí sídìí ọkọ̀ pé kí n wá ràn àwọn lọ́wọ́, nítorí pé ọwọ́ mi kéré. Yàtọ̀ sí ọ̀kan tó wà láàárín, wáyà mẹ́rin ló jáde lórí ọmọrí náà bí ẹsẹ̀ alákàn, tí wọ́n sì lọ sórí púlọ́ọ̀gì mẹ́rin tó tò tẹ̀ léra wọn lórí ẹ́ńjìnnì. Bàbá mi gba òwú pupa lọ́wọ́ ìyá mi, wọ́n ta kókó sí i: ọ̀kan ní kókó kan, èkejì ní méjì, títí dé mẹ́rin. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ láti ara wáyà tó sún mọ́ wa jù lórí ọmọrí, kí n máa so òwú náà yí i ká bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Mo so wọ́n bí wọ́n ṣe wí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní, "Ó dára, akọ̀wé kékeré." Wọ́n fa wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò lórí ọmọrí, wọ́n sì wọlé lọ mu ògì, torí ìyá mi ti pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta pé ó ti ń tutù.

Èmi nìkan ló kù sídìí ọkọ̀. Bí mo ti ń dúró, mo fi ìka tẹ̀ lé wáyà kọ̀ọ̀kan láti ibi òwú dé orí púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kí n lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Oníkókó kan lọ sórí púlọ́ọ̀gì kìíní. Oníkókó méjì kò lọ sórí èkejì. Ẹ̀kẹta ló lọ. Oníkókó mẹ́ta lọ sórí ẹ̀kẹrin. Oníkókó mẹ́rin ló wá padà wá sórí èkejì.

Nọ́ńbà ti fò.

Mo rò pé èmi ni mo ṣì í so, àti pé bí bàbá mi ṣe ń kánjú ni kò jẹ́ kí wọ́n rí i. Mo lè pè wọ́n. N kò pè wọ́n, torí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí ní akọ̀wé kékeré ni. Mo tú òwú mẹ́ta, mo sì tún wọn so kí kókó lè bá púlọ́ọ̀gì mu: kìíní sí kìíní, èkejì sí èkejì, ẹ̀kẹta sí ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin sí ẹ̀kẹrin. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pé. Nígbà tí bàbá mi jáde, mo ti dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ká ọwọ́ sẹ́yìn.

Wọ́n de ọmọrí tuntun náà mọ́lẹ̀, wọ́n ki wáyà bọ̀ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí kókó òwú ṣe wí, wọ́n sì wọ inú ọkọ̀ lọ. Ọkọ̀ náà wúkọ́. Ó gbọ̀n jìgìjìgì bí ẹni tí ibà ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni nǹkan dún gbàù lẹ́yìn rẹ̀, tí àwọn adìyẹ sá gun ògiri.

Ìyá Èfé, ará Wàrì tó ń gbé yàrá òdìkejì wa, jáde pẹ̀lú ọṣẹ lójú. "Akọ̀wé! You wan kill us? Your motor dey cough like old papa!"

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Bàbá mi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò gbà fún wọn. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹrin, gbàù ló sì ń dún. Wọ́n wá rántí pé ọ̀rẹ́ wọn níbi iṣẹ́ ti sọ rí pé bí ọkọ̀ bá ń dún báyẹn, táímìn rẹ̀ ló ti yẹ̀, pé kí ènìyàn tú ìdè ìdí ohun tí ọmọrí náà jókòó lé, kó yí i díẹ̀. Wọ́n tú u. Wọ́n yí i. Wọ́n yí i padà. Níkẹyìn wọ́n fà á jáde pátápátá láti wo ìdí rẹ̀, wọ́n sì kì í padà bí wọ́n ṣe rò. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ náà kò tilẹ̀ wúkọ́ mọ́.

Nígbà tí oòrùn fi dé àárín orí, bàbá mi jókòó sórí pákó gọ́tà, ọwọ́ wọn dúdú dé ìgúnpá. N kò rí ìdọ̀tí lọ́wọ́ wọn rí. Èmi dúró ti ògiri. Mo mọ̀ pé ohun tí mo ṣe tọ́, torí mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo tún mọ̀ pé kí n tó ṣe é, ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́. Ohun méjèèjì kò lè wà pọ̀, síbẹ̀ wọ́n wà pọ̀ nínú mi, orí sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ mi. Bóyá ìyíyí tí bàbá mi yí i ló bà á jẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń dún gbàù kí wọ́n tó yí i. Mo ń rò ó lọ, mo ń rò ó bọ̀, kò yé mi.

Ìyá mi wé gèlè, wọ́n fi ẹsẹ̀ wíwú wọn rìn dé Àmùkòkò, wọ́n sì mú Sàláwù mẹ́káníìkì bọ̀. Ọkùnrin kúkurú ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́.

"Ẹ káàsán, Akọ̀wé. Kí ló dé tí ẹ fajúro báyìí? Ta ló kú?"

"Ó ku díẹ̀," ni ìyá mi wí.

Sàláwù wo inú ọkọ̀. "Ẹ yí eléyìí?"

"Mo yí i díẹ̀."

"Díẹ̀ kẹ̀! Akọ̀wé, ẹ fà á tu bí ẹ̀gẹ́ ni!"

Ó yọ púlọ́ọ̀gì kìíní, ó wò yíká, ó sì nawọ́ sí mi. Ó ní kí n wá fi àtàǹpàkò dí ihò náà pinpin. "Má bẹ̀rù, kò ní í gé ọ jẹ. Bí atẹ́gùn bá ti ìka rẹ jáde, pariwo." Ó fi súpánà ńlá yí ẹ́ńjìnnì láti iwájú, díẹ̀díẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ihò náà fa ìka mi mọ́ra bí ẹnu ọmọ ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló tì í padà pẹ̀lú agbára tí n kò rò, mo sì pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí Ìyá Èfé tún yọjú. Sàláwù ki ẹyọ ìgbálẹ̀ kan bọ inú ihò, ó ń yí ẹ́ńjìnnì, ó ń wo ìgbálẹ̀ náà bó ṣe ń gòkè. Ibi tí kò ti gòkè mọ́, tí kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, ibẹ̀ ló dá a dúró sí. Ó wá ki ohun tí bàbá mi fà tu padà sí àyè rẹ̀, kí ìka kékeré orí rẹ̀ lè kọjú sí ibi wáyà kìíní. Ó ya bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú páálí sìgá, ó fi há àárín irin kékeré méjì tó fẹnu kanra, ó sì rọra ń yí gbogbo rẹ̀ títí bébà náà fi yọ́ bọ́.

"Táímìn nìyẹn," ó wí fún bàbá mi, tí wọ́n lóṣòó tì í bí ọmọ iléèwé. "Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára. Ìgbà tí iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́ ni iná gbọ́dọ̀ ṣẹ́."

Ìgbà tó fẹ́ to wáyà ló rí òwú. Ó gbé ọ̀kan sókè, ó tẹ̀ lé e lójú dé orí púlọ́ọ̀gì, ó tún gbé òmíràn. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á.

"Ta ló so èyí?"

Bàbá mi kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo wà rárá.

"Èmi ni," ni wọ́n wí.

"Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin! Akọ̀wé, ẹ́ńjìnnì ò lọ síléèwé! Bó ṣe ń ka tirẹ̀ nìyí: ení, ẹ̀ta, ẹ̀rin, èjì. Bí ẹ bá ní kí èjì tẹ̀ lé ení, ẹ máa gbọ́ gbàù títí ilẹ̀ á fi ṣú."

"Kí ló dé tó fi ń kà á bẹ́ẹ̀?" ni bàbá mi béèrè. Mo rí i lójú wọn pé wọ́n fẹ́ mọ̀ ní tòótọ́.

"Wọn ò sọ fún èmi náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́rin bá gbé pákó, tí àwọn tó wà lápá kan bá kọ́kọ́ jọ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣé kò ní í fì?" Ó tú òwú náà dànù sórí iyanrìn, ó to wáyà bó ṣe yẹ, ó sì ní kí bàbá mi wọ inú ọkọ̀ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ náà jí. Sàláwù tẹ́tí sí i, ó yí ohun tí ọmọrí jókòó lé bí ìwọ̀n fọ́nrán irun kan sí ọ̀tún, títí ohùn rẹ̀ fi dọ́gba. Ìyá Èfé pàtẹ́wọ́. Ìyá mi wọlé, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Bàbá Ìbàdàn dé. Wọn kò tíì jókòó tí wọ́n fi béèrè kọ́kọ́rọ́. Wọ́n tẹ ọkọ̀, ó jí, òjò òru sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Wọ́n wà á dé ìkángun òpópó, wọ́n sì wà á padà, eyín wọn ń tàn.

"Délé! Kí lo fún un jẹ? Kò jí fún èmi báyìí rí!"

Gbogbo ilé ló wà níta. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sọ ọ́. Ìyá Èfé pàápàá, tí kì í pa ọ̀rọ̀ mọ́, ń wo ojú ọ̀run. Kò ju kí bàbá mi rẹ́rìn-ín, kí wọ́n ní, "A dúpẹ́, Bọ̀ọ̀dá mi." Mo ń retí rẹ̀. Mo rò pé bí ó ṣe máa parí nìyẹn.

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá mi, mo tú u. Ẹ ní kí n má tú u, mo tú u. Èmi ni mo so wáyà rẹ̀ gbòdì, mo sì tún yí ohun tí n kò mọ̀. Mẹ́káníìkì Àmùkòkò ló bá mi tún un ṣe."

Mo bọ́ síwájú. "Bàbá, èmi ni mo…"

"Rẹ̀mí, lọ bu omi wá fún Bàbá Ìbàdàn."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, òwú yẹn…"

"Mo ní omi!"

Mo lọ. Bí mo ti ń tẹ ife bọ inú àmù, mo gbọ́ ohùn Bàbá Ìbàdàn. Wọn kò pariwo. "Ìwọ tí o ń ka ẹgbẹ̀rún àpò láì ṣì í, wáyà mẹ́rin ló ṣì ọ́ lọ́nà? Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀, Délé. Ohun kan ṣoṣo ni mo ní kí o má ṣe." Nígbà tí mo gbé omi dé, kọ́kọ́rọ́ ti wà lápò wọn. Wọ́n mu omi náà tán, wọ́n fọwọ́ pa mí lórí, wọ́n sì wa ọkọ̀ wọn lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, a gbọ́ pé wọ́n ti fi í fún àbúrò ìyàwó wọn. Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀ lọ sí Yábàá ní oṣù kìíní. Bàbá mi gbé àpótí mi lé itan ní gbogbo ọ̀nà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú yẹn, mo gbọ́ ìyá mi lẹ́yìn kọ́tìnì. "Ẹ ò bá ti dákẹ́, Bàbá Rẹ̀mí." Bàbá mi ní, "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a." Mo dúró níbẹ̀, kò yé mi. Bí irọ́ bá burú tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè torí rẹ̀ fi ọkọ̀ sílẹ̀, "Èmi ni" tí wọ́n sọ lẹ́ẹ̀mejì ńkọ́? Àwọn fúnra wọn ló yẹ òwú mi wò tí wọ́n ní ó dára. Ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ẹnìkan ti yí i padà. Àbí wọ́n rò pé ojú àwọn ló tàn wọ́n jẹ? N kò mọ̀ bóyá wọ́n ń bò mí ni, tàbí wọ́n gbà á gbọ́ ní tòótọ́ pé àwọn ni.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì, wọ́n sì di arúgbó aláwàdà. Ní ọjọ́ Àjíǹde kan, ní ilé mi, wọ́n sọ ìtàn náà fún àwọn ọmọ mi, wọ́n fi ara wọn ṣe ẹ̀sín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: akọ̀wé tí kò lè ka wáyà mẹ́rin. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí wọ́n parí, bàbá mi wo ọ̀dọ̀ mi, tàbí mo rò pé wọ́n wò mí. Mo ti ju ọjọ́ orí tí wọ́n wà nígbà ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yẹn lọ. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu mi, kò sì sí ẹni tó rán mi níṣẹ́ kankan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá tí mo jẹ́ nígbà náà gbìyànjú láti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì níwájú gbogbo ilé, ẹ̀rù sì ń bà á. Èmi bá wọn rẹ́rìn-ín. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, a sin bàbá mi.